Ìtẹ́ Tí Àwọn Ènìyàn Ń Ṣọ́

Mo mọ̀ pé láti oko àti láti ọjà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti dé, ara yín sì ń wá ìsinmi. N kò ní pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ kan ni mo bá wá sí àárín yín lálẹ́ yìí.

Ẹnìkan lè máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ni ẹyẹ já mọ́ tí àgbàlagbà yóò fi jókòó gbọ́ ìtàn rẹ̀?" Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Nítorí ẹyin ẹyẹ yìí, ọkùnrin kan gun igi ní òru bí olè tí ń wọ ilé olówó. Nítorí ẹyin kan náà, àwọn mìíràn fi oorun wọn sílẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ igi nínú òtútù títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹyẹ náà kì í sì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí nígbà tí òtútù bá ń bọ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó, ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ń sá wá.

Idì-ẹja ni a ó máa pè é. Kì í ṣe àwòdì tí ń gbé ọmọ adìyẹ, nítorí náà kí ìyá tí ń sin adìyẹ fi ọkàn balẹ̀. Ẹja ni oúnjẹ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí àwọ̀ kòkó gbígbẹ, ikùn rẹ̀ funfun, ìlà dúdú kan sì gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọrùn bí ẹni tí ó lé tìróò tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Bí ó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, láti ṣóńṣó kan dé èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Síbẹ̀ kò wúwo. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn kò ju nǹkan bíi kílò méjì lọ, abo ni ó sì máa ń tóbi ju akọ.

Ẹ wo bí ó ṣe ń pẹja. Yóò fò lókè odò, yóò dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, yóò máa ju apá, yóò máa wo ìsàlẹ̀. Bí ó bá ti rí ẹja, yóò pa apá dé, yóò já bọ́ bí òkúta, ẹsẹ̀ ni yóò sì kọ́ wọ omi. Ihò imú rẹ̀ a máa dé kí omi má baà wọlé. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣákaṣàka bí ìwé tí káfíńtà fi ń dán pákó, kí ẹja má baà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan tilẹ̀ wà tí ó lè yí padà sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ìka méjì yóò di ẹja mú níwájú, méjì yóò dì í mú lẹ́yìn. Nígbà tí ó bá jáde nínú omi, yóò gbọn ara rẹ̀ bí ajá, yóò yí orí ẹja síwájú kí afẹ́fẹ́ má baà dí i lọ́wọ́, ó di ilé. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó máa ń rí i mú o. Apẹja ni, ẹ̀yin tí ẹ ń pẹja sì mọ bí ọjọ́ òfìfo ti ń rí.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Skọ́tíláǹdì nísinsìnyí, ní àríwá ilẹ̀ Bìrìtéènì. Ibẹ̀ ni ìtàn ìtẹ́ tí mo ń sọ wà.

Ní ìgbà àtijọ́, idì-ẹja pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín nǹkan bí 1800 sí 1900, ojú wọn rí màbo. Àwọn olówó ń yìnbọn pa wọ́n, wọ́n ń kó nǹkan sí inú òkú wọn, wọ́n ń gbé e sí pálọ̀ fún àlejò wò. Àwọn mìíràn ń kó ẹyin jọ. Wọn kì í jẹ ẹ́. Wọn yóò lu ihò kékeré sí i lára, wọn yóò fẹ́ inú rẹ̀ dànù, wọn yóò to èèpo sínú àpótí onígíláàsì, wọn yóò máa yangàn sí ara wọn. Bí ẹyẹ kan bá ti ṣe ń ṣọ̀wọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin rẹ̀ ń wù wọ́n sí i. Ní adágún kan tí à ń pè ní Loch an Eilein, àwókù ilé olódi kan wà láàárín omi, idì-ẹja sì ń tẹ́ ìtẹ́ sí orí rẹ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tútù nini láti lọ kó ẹyin náà. Ẹ wo ohun tí ènìyàn lè fi ara rẹ̀ ṣe nítorí èèpo ẹyin!

Nígbà tí ó fi máa di 1916, a kò rí ìtẹ́ idì-ẹja kankan mọ́ ní Bìrìtéènì. Ó pa rẹ́.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún kí ìròyìn tó dé pé wọ́n ti padà. Ní 1954, akọ kan àti abo kan wá sí ẹ̀bá adágún Garten ní Skọ́tíláǹdì. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n, kò sí ẹni tí ó gbé wọn wá. Ṣùgbọ́n àwọn olè ẹyin náà kò tíì kú tán. Ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹyẹ ní ilẹ̀ náà, tí a ń fi lẹ́tà RSPB pè, wá pinnu ní 1958 láti yan àwọn ènìyàn tí yóò máa ṣọ́ ìtẹ́ náà tọ̀sán tòru.

Ní òru kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún náà, ilẹ̀ ṣú biribiri. Àwọn aṣọ́nà ṣàdédé rí i pé ènìyàn wà lórí igi. Wọ́n kígbe, wọ́n sáré sí i. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wọ inú igbó. Ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí ẹyin idì-ẹja ní fífọ́ ní ìdí igi. Nígbà tí wọ́n sì gòkè wo inú ìtẹ́, wọ́n bá ẹyin níbẹ̀. Ẹyin adìyẹ ni! Olè náà ti fi pólíìṣì bàtà kun ún kí ó lè jọ ti idì-ẹja, ó sì ti fi í sí ipò èyí tí ó kó. Ìyá ẹyẹ ìbá sàba lé e lórí títí, asán ni ìbá jẹ́.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ní Skọ́tíláǹdì nígbà náà ni George Waterston. Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe lẹ́yìn èyí ni ó mú kí n fẹ́ràn ìtàn náà. Ẹlòmíràn ìbá ní kí a túbọ̀ fi ibi tí ìtẹ́ wà pamọ́. Waterston ní rárá. Ó ní kí a sọ fún gbogbo ayé, kí gbogbo ènìyàn wá wò ó. Olè a máa jà níbi tí ojú kò sí, ibi tí ojú bá pọ̀ sí a máa nira fún un. Nítorí náà ní 1959, wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ara igi po, wọ́n kọ́ ahéré kan sí ọ̀ọ́kán, wọ́n gbé awò tí ń fa ohun jíjìn súnmọ́ ojú sí ibẹ̀, wọ́n sì ṣí ọ̀nà fún aráàlú. Ní ọdún kan ṣoṣo yẹn, ènìyàn bí 14,000 wá. Ẹgbàá méje ènìyàn, nítorí ìtẹ́ ẹyẹ kan! Àwọn òṣìṣẹ́ wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá, ìyá gbé ọmọ pọ̀n wá. Ọmọ mẹ́ta ni àwọn ẹyẹ náà tọ́ yọrí ní ọdún náà, gbogbo wọn sì fò.

Ẹ ó bi mí pé kí ni ènìyàn yóò máa wò nínú ìtẹ́ tí yóò fi dúró fún wákàtí méjì, mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín díẹ̀díẹ̀.

Ní oṣù kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni wọ́n ń dé. Akọ àti abo kì í rìn pọ̀. Bóyá ẹgbẹ̀rún kìlómítà wà láàárín wọn láti ìgbà tí wọ́n ti pínyà, ṣùgbọ́n ìtẹ́ àná ni olúkúlùkù ń wá bọ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ dé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtúnṣe ilé. Igi gbígbẹ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, wọn yóò sì tẹ́ koríko rírọ̀ sí àárín. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi kún un, tó fi jẹ́ pé ìtẹ́ tí ó ti pẹ́ a máa tóbi ju bẹ́ẹ̀dì ọmọdé lọ. Abo yóò yé ẹyin mẹ́ta nígbà púpọ̀, ẹyin alámì pupa rúsúrúsú. Yóò sàba lé wọn fún bí ọjọ́ 37. Akọ ni yóò máa pẹja wá fún un, bí ó bá sì ń jẹun lọ́wọ́, akọ yóò bọ́ sórí ẹyin dípò rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ní ti ilé yìí, òdodo pọ́ńbélé ni.

Nígbà tí ẹyin bá pa, ọmọ náà kò ju ìkúùkù lọ, kò lè gbé orí dúró. Akọ yóò gbé ẹja dé. Òun fúnra rẹ̀ yóò ti jẹ orí ẹja náà lórí igi mìíràn, ìyókù ni yóò gbé wálé. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ìyàwó ilé. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun.) Ìyá yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ẹja mọ́lẹ̀, yóò máa já a ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò tóbi ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, yóò tẹ orí ba, yóò fi í sí ọmọ lẹ́nu. Èékánná rẹ̀ tí ó lè ya ẹja ní yíya, yóò ká a mọ́ abẹ́ ẹsẹ̀ bí ó bá ń rìn láàárín ọmọ, kí ó má baà gún wọn. Bí oòrùn bá mú, yóò na apá bí agbòòrùn lé wọn lórí. Bí òjò bá rọ̀, yóò bò wọ́n mọ́lẹ̀, òjò yóò sì máa pa á. Mo ti wo ìyá ẹyẹ kan nínú àwòrán tí a fi ẹ̀rọ yà, tí omi ń ṣàn ní àgógó ẹnu rẹ̀ tótótó. Kò mira.

Òtítọ́ kan wà tí kò dùn ún sọ. Ẹyin mẹ́ta náà kì í pa ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó kọ́ jáde yóò ti ní agbára kí àbúrò rẹ̀ ìkẹta tó dé. Bí ẹja bá pọ̀, kò sí ìjà, gbogbo wọn yóò yó, wọn yóò sùn. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá wọ́n, ẹ̀gbọ́n yóò máa ṣá àbúrò ní orí, ìyá yóò sì máa bọ́ ẹni tí ó bá na ẹnu síwájú. Àbúrò tí kò lè na ẹnu, ebi ni yóò pa á.

Irú rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà 2012, ní ìtẹ́ kan lẹ́bàá odò Dyfi ní Wales. Monty ni orúkọ tí wọ́n sọ akọ, Nora ni abo. Ọmọ mẹ́ta wà nínú ìtẹ́. Ìjì dé, òjò rọ̀ lójú kan náà, odò kún, omi dàrú, Monty kò rí ẹja pa. Ẹ̀rọ ayàwòrán wà lórí ìtẹ́ náà, àwọn ènìyàn sì jókòó ní ilé wọn ní oríṣiríṣi ìlú, wọ́n ń wo bí àwọn ọmọ náà ti ń kú lọ. Àwọn tí ń ṣọ́ ìtẹ́ náà wá dúró ní ìkóríta. Ẹlòmíràn ní kí a má fi ọwọ́ kan ohun tí Ọlọ́run dá sínú igbó. Ẹlòmíràn ní ta ni yóò jókòó wo ọmọ bẹ́ẹ̀? Níkẹyìn wọ́n gòkè, wọ́n fi ẹja bọ́ àwọn tí ó ṣẹ́kù. Méjì kú nínú mẹ́ta. Ọ̀kan yè, wọ́n dá a padà sábẹ́ ìyá rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ceulan. Èmi ní tèmi, n kò rí ẹ̀bi wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bí ọmọ náà bá tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹyẹ. N óò padà sí ọ̀rọ̀ Ceulan.

Kí n má gbàgbé, ewu mìíràn wà tí kì í ṣe òjò, tí kì í ṣe olè. Àwọn àgbà inú wa yóò rántí oògùn kòkòrò tí à ń pè ní DDT, tí a ń fọ́n nítorí ẹ̀fọn. Láàárín 1950 sí 1970, wọ́n fọ́n ọn káàkiri oko ní ilẹ̀ òyìnbó. Òjò gbá a lọ sí odò, ó wọ inú ẹja, láti inú ẹja ó wọ inú idì-ẹja. Kò pa ìyá. Ẹyin ni ó sọ di fẹ́lẹ́, tí ìyá bá ti sàba lé e báyìí, èèpo yóò fọ́. Ní etí òkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ìtẹ́ tí ó kún fún ọmọ tẹ́lẹ̀ di òfìfo. Amẹ́ríkà fòfin de DDT ní 1972, láti ìgbà náà ni ẹyẹ náà ti ń pọ̀ sí i padà níbẹ̀. Ní Bìrìtéènì pàápàá, láti orí ìtẹ́ kan nì, ó ti ju igba ìtẹ́ lọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àwọn ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyá wọn. Nígbà náà ni àwọn amòye yóò gòkè lọ fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ kì í jà. Ìyá yóò ké ìkìlọ̀ láti òkè, wọn yóò sì nà gbalaja bí òkú, wọn kò ní mí gúlẹ́ títí àlejò yóò fi lọ. Lẹ́yìn èyí ni eré apá yóò bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yóò dúró létí ìtẹ́, yóò máa lu apá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rù yóò bà á, yóò tún balẹ̀. Ọjọ́ kan, nígbà tí ó bá tó bí ọ̀sẹ̀ méje tàbí mẹ́jọ, afẹ́fẹ́ yóò gbé e, kò sì ní lè balẹ̀ mọ́. Yóò yí ká lókè adágún pẹ̀lú ariwo. Àwọn tí ó ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà tí ó wà nínú ẹyin yóò di ẹnu mú. Àtifò rọrùn, àtibà padà sórí igi ni iṣẹ́ wà!

Ní oṣù kẹjọ, ìyá ni yóò kọ́ lọ. Kò ní dágbére. Bàbá yóò dúró, yóò máa pẹja fún wọn títí olúkúlùkù yóò fi bá tirẹ̀ lọ, òun ni yóò sì máa lọ kẹ́yìn. Ẹnìkan kò bá ẹnìkan rìn. Ọmọ tí a bí ní oṣù karùn-ún, tí kò tíì rí òkun rí, yóò dá fò gba Faransé àti Sípéènì, yóò kọjá Mòrókò, yóò gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà tí kò sí omi, tí kò sí ẹja. Ìrìn bí 5,000 kìlómítà. Ta ni ó fi ọ̀nà hàn án? Kò sí. Ọ̀pọ̀ ni òkun gbé lọ, ọ̀pọ̀ ni aṣálẹ̀ pa.

Àwọn tí ó bá yè yóò balẹ̀ sí Sẹ̀nẹ̀gà, Gáńbíà àti àwọn ilẹ̀ tó tẹ̀lé wọn lẹ́bàá òkun títí dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà. Àwọn àgbà a máa padà ní ìgbà tí òtútù bá tán. Àwọn ọmọ kì í bá wọn lọ. Níhìn-ín ni wọn yóò wà fún nǹkan bí ọdún méjì gbáko, lẹ́bàá ọ̀sà àti odò, kí wọ́n tó tún padà rí ìlú tí a bí wọn sí. Òye ẹja pípa, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n ti ń gbó nínú rẹ̀.

Ceulan náà dé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tí ń sọ ibi tí ó wà, nítorí náà àwọn tí ó fi ọwọ́ bọ́ ọ ní Wales ń tẹ̀lé e lórí àwòrán ilẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n rí i pé ó la aṣálẹ̀ já, wọ́n yọ̀. Ó dé Sẹ̀nẹ̀gà. Kí ọdún 2012 náà tó parí, ẹ̀rọ náà dúró sójú kan. Àwọn ènìyàn lọ wò ó, wọ́n sì bá òkú rẹ̀ tí àwọ̀n ti wé mọ́ lára níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja. Ní 2013, Monty padà sí ìtẹ́ ní Wales. Nora kò dé.

Ẹni tí ó ta àwọ̀n ní Sẹ̀nẹ̀gà kò mọ̀ Ceulan, kò sì ro ibi sí i. Ẹja rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin apẹja tí ẹ wà níbí, bí ẹ bá bá irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ nínú àwọ̀n tí ó sì wà láàyè, ẹ fi aṣọ bo orí rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, kí ẹ ṣọ́ èékánná rẹ̀, kí ẹ gé okùn náà, kí ẹ jẹ́ kí ó lọ. Bí ó bá sì ti kú, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí òrùka irin bá wà níbẹ̀, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì fi ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Lẹ́tà àti nọ́ńbà wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ibi tí a óò ránṣẹ́ sí. Òrùka mìíràn lè wà tí ó ní àwọ̀, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí, ẹ kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bí ó ti rí gan-an, kí ẹ kọ ọjọ́, kí ẹ kọ orúkọ odò àti ti abúlé. Kí olùkọ́ tàbí ọmọ yín tí ó ní fóònù fi í ránṣẹ́. Ẹnìkan wà ní ẹ̀bá adágún kan tí ó ti ń retí ìròyìn nọ́ńbà yẹn láti bí ọdún mẹ́ta.

Mo ní àwòrán òrùka náà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ó máa kárí láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó bi mí.